Kí àwọn ọ̀rẹ́ tó wa mọ́tò gun òkè Alps

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London, Manchester àti àwọn ìlú ńlá mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wí, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé bí òtútù bá ti ń kógbá sílé ni wọ́n ti máa ń jókòó ṣèpàdé lórí ibi tí wọn yóò ti lo ìsinmi wọn. Àwọn kan á wọ bàálù lọ sí etí òkun. Àwọn kan á wálé. Àmọ́ àwọn kan wà lára wọn tó jẹ́ pé mọ́tò ni wọ́n fẹ́ wà, tí ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò kó ara wọn sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí wọn yóò gba abẹ́ òkun kọjá sí ilẹ̀ Faransé, tí wọn yóò sì forí lé òkè Alps.

Àwọn òbí tó wà nílé lè máa béèrè pé kí ni wọ́n ń wá lórí òkè, nígbà tí òkè pọ̀ ní Ìdànrè àti ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òkè ju òkè lọ. Òkè Ìdànrè tí tọmọdé tàgbà ń lọ wò kò ga ju nǹkan bí 1,000 mítà lọ. Mont Blanc tó ga jù lọ nínú àwọn òkè Alps lé ní 4,800 mítà, yìnyín kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí di òpin. Bẹ́ẹ̀ sì ni Alps kì í ṣe òkè kan ṣoṣo. Ọ̀wọ́ òkè ni, tó tò lọ bí odi fún nǹkan bí 1,200 kìlómítà, tó gba Faransé, Monaco, Ítálì, Swítsáláǹdì, Liechtenstein, Jámánì, Ọ́stríà àti Slovenia kọjá. Ọ̀nà ọlọ́dà tí mọ́tò ń gbà wà lórí rẹ̀ tó ga ju 2,700 mítà lọ. Ti Col de l'Iseran ní Faransé ga tó 2,764 mítà, ti Stelvio ní Ítálì sì ga tó 2,757. Ẹni tó bá ti gba òkè Ẹ̀fọ̀n wọ Èkìtì rí, tó rántí bí dírẹ́bà ṣe máa ń fi gíà kékeré rọra sọ̀ kalẹ̀ tí gbogbo èrò inú ọkọ̀ á dákẹ́, kí onítọ̀hún sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, yóò mọ díẹ̀ nínú ohun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Láti ayébáyé ni àwọn èèyàn ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọdún 218 ṣáájú ìbí Jésù, Hannibal, ọ̀gágun Carthage tó wà ní àríwá ilẹ̀ Áfíríkà níbí, kó ọmọ ogun àti erin gba orí òkè náà lọ bá àwọn ará Róòmù jà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó lọ ni kò dé òdì kejì. Napoleon náà kó àwọn tirẹ̀ gba orí Great St Bernard ní 1800. Ọ̀gágun méjèèjì ló fi oṣù mélòó kan ṣètò kí wọ́n tó gbéra, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó ní fóònù nínú wọn tí yóò máa júwe ọ̀nà fún un.

Kò sí aburú nínú kí àwọn ọ̀rẹ́ rìn pọ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kárakára láti oṣù dé oṣù nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń sanwó ilé, tí wọ́n tún ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn yóò fi ojú wọn rí ohun tó dára. Ohun tó ń ba irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ jẹ́ kì í sì í sábà jẹ́ òkè fúnra rẹ̀. Ètò tí wọn kò ṣe nílé ni.

Ojú fọ́tò ni ọ̀pọ̀ fi máa ń ṣètò. Wọ́n á rí àwòrán ọ̀nà tó lọ́ bí ejò, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á tún rí òmíràn, wọ́n á kọ ọ́ mọ́ ọn. Kí ìpàdé tó parí, orí òkè mẹ́sàn-án ló ti wà lórí ìwé, ọjọ́ márùn-ún péré ló sì wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní àwọn yóò gun Furka, Grimsel àti Susten ní Swítsáláǹdì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó di Stelvio. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, ó di Großglockner ní Ọ́stríà. Ká ní ọ̀nà márosẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ìyẹn ìbá ṣe é ṣe. Àmọ́ láti abúlé Prato dé orí Stelvio, tí kò ju nǹkan bí 25 kìlómítà lọ, kọ́nà 48 ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi nọ́ńbà sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì yí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Láàárín 1820 sí 1825 ni Carlo Donegani, ẹnjiníà tó ṣiṣẹ́ fún ìjọba Ọ́stríà nígbà náà, la ọ̀nà yìí. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló wà lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe mọ́tò tó ru èèyàn márùn-ún àti àpótí márùn-ún. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń bẹ níbẹ̀ lónìí, àwọn alùpùpù ń bẹ níbẹ̀, bọ́ọ̀sì náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú máàpù wo 25 kìlómítà, tó ní ìṣẹ́jú ogún ni, ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Orí òkè kan lóòjọ́ ti tó, bó bá pọ̀ jù, kó jẹ́ méjì. Ìdí rẹ̀ ni pé dírẹ́bà kì í rí nǹkan kan. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn ni yóò máa pariwo pé ẹ wo odò yẹn, ẹ wo yìnyín lórí òkè lọ́hùn-ún, ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú kò gbọdọ̀ wo ohunkóhun ju kọ́nà tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá fi àyè sílẹ̀ fún ìdúró àti fún pípààrọ̀ dírẹ́bà, ẹnì kan nínú wọn yóò lọ sí Alps, yóò padà dé London, yóò sì jẹ́ pé ẹ̀yìn lọ́rì ló rí jù. Ọ̀nà Großglockner dára fún àpẹẹrẹ. Ọdún 1935 ni wọ́n ṣí i, ó gùn tó 48 kìlómítà, kọ́nà 36 ló ní, owó tí wọ́n ń gbà lórí mọ́tò kan fún ọjọ́ kan sì lé ní 40 Yúrò. Ẹni tó bá sanwó bẹ́ẹ̀, tó wá sáré gba ibẹ̀ kọjá láàárín wákàtí kan nítorí pé òkè mìíràn ń dúró dè é, ó dà bí ẹni tó san owó ìran tó wá sùn síbẹ̀.

Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ òkè tó wáyé rárá, ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà wà níbẹ̀, òun ló sì máa ń dun àwọn ọmọ Nàìjíríà jù. Nínú ọ̀rẹ́ márùn-ún tó ń gbé ní London, ó ṣeé ṣe kí mẹ́ta ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí méjì tó kù ṣì máa lo ti Nàìjíríà pẹ̀lú ìwé ìgbélùú. Àwọn mẹ́ta yẹn kò nílò físà láti wọ Faransé tàbí Swítsáláǹdì bí wọn kò bá lò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ètò tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní ẹnubodè, nínú èyí tí wọ́n ti ń gba ìtẹ̀ka, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò wọn, ìyẹn kò sì ju ọ̀rọ̀ ká tò sórí ìlà lọ. Ti àwọn méjì tó kù ló le. Ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ wọ́n di ẹni tó lè wọ ilẹ̀ Schengen láìgba físà. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù, kí wọ́n san 90 Yúrò, iye tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2024, kí wọ́n ní ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 Yúrò, kí wọ́n sì fi hàn pé iṣẹ́ àti ilé wà tí wọn yóò padà sí.

Ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni pé orílẹ̀-èdè tí wọn yóò ti lo ọjọ́ tó pọ̀ jù ni wọ́n gbọ́dọ̀ lọ bá fún físà náà. Bí ọjọ́ tí wọn yóò lò ní ìlú kọ̀ọ̀kan bá dọ́gba, ọ̀dọ̀ èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ wọ̀ ni. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí kò tíì mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà kò lè kọ fọ́ọ̀mù dáadáa. Ìyẹn fi hàn pé àwọn mẹ́ta tí kò nílò físà kò lè sọ pé àwọn yóò pinnu ọ̀nà bí àwọn bá ti ń lọ. Ohun tó jẹ́ eré lọ́wọ́ tiwọn, ìwé ẹ̀rí ló jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ ṣá o. Swítsáláǹdì ti wọ ètò Schengen láti oṣù kejìlá ọdún 2008, bí físà bá ti jáde, òun kan náà ni wọn yóò fi rin Faransé, Swítsáláǹdì, Ítálì àti Ọ́stríà.

Bí wọn kò bá wá fún ọ̀kan nínú wọn ní físà ńkọ́? Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ bi ara wọn níbi ìpàdé nìyẹn, òun ló sì tú ọ̀rẹ́ ká ju bí kọ́nà Stelvio ṣe lè ṣe lọ. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ lójúkojú kí ẹnikẹ́ni tó náwó: ṣé àwọn tó kù yóò lọ, àbí wọn yóò pa dà sí Scotland tàbí Wales tí ẹnikẹ́ni kò nílò físà fún, níbi tí òkè wà náà? Ta ni yóò dá owó padà fún ẹni tí wọ́n kọ̀ fún? Òtẹ́ẹ̀lì tó máa ń dá owó padà ni kí wọ́n gbà, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju èyí tí kì í dá a padà. Ẹni tó ń wo 20 Yúrò tó fi dín, tí kò wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ̀ fún lẹ́nubodè, kò ṣírò dáadáa.

Ọ̀rọ̀ dírẹ́bà ló tún kàn. Àwọn kan máa ń rò pé ẹni tó ní mọ́tò ni yóò wà á láti Calais dé Alps àti padà. Láti Calais dé Geneva nìkan lé ní 800 kìlómítà. Dírẹ́bà méjì ló kéré jù, orúkọ àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìnṣọ́ránsì kí wọ́n tó kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ pé bí mọ́tò bá ti dé òkè òkun, ohun tí wọn yóò san kò ju èyí tí òfin fi dandan lé lọ, ìyẹn owó ohun tí mọ́tò náà bà jẹ́ fún ẹlòmíràn. Mọ́tò tiwọn tó wó sínú gọ́tà, ọwọ́ ara wọn ni yóò ti jáde. Kí wọ́n ka ìwé náà, kí wọ́n sì fi owó díẹ̀ kún un. Ẹni tó ṣì ń lo láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, tí kò tíì gba ti Gẹ̀ẹ́sì, kó jókòó sẹ́yìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni wọn yóò mọ ìdí.

Ìṣòro mìíràn wà tí ẹni tó wà nílé lè má rò. Mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ni dírẹ́bà ń jókòó sí. Ní Faransé àti gbogbo ilẹ̀ Alps, apá ọ̀tún títì ni wọ́n ń rìn gẹ́gẹ́ bíi ti Nàìjíríà. Ó túmọ̀ sí pé bí dírẹ́bà bá fẹ́ kọjá lára lọ́rì, kò lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú, àfi kí ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá a wò ó. Ibi tí wọ́n ti ń san owó ojú ọ̀nà náà, ọwọ́ òsì ló wà, ẹni ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ni yóò na ọwọ́ síta. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kì í ṣe èrò lásán, igbákejì dírẹ́bà ni. Kí wọ́n má fi ẹni tó máa ń sùn síbẹ̀.

Bí wọ́n bá ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, gígùn òkè kọ́ ni ìṣòro bí kò ṣe sísọ̀ kalẹ̀. Dírẹ́bà tó bá fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ yóò mú kí bíréèkì náà gbóná, bó bá sì ti gbóná jù, kò ní mú mọ́. Gíà kejì tàbí ẹ̀kẹta ni kí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa di ọkọ̀ náà mú, kí wọ́n máa fi bíréèkì kàn án díẹ̀díẹ̀. Àwọn dírẹ́bà lọ́rì tó ti gbé kòkó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Èkìtì láyé ọjọ́un mọ èyí dáadáa, kò sí ilé ìwé tó kọ́ wọn. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé níbi tí ọ̀nà ti há ní Swítsáláǹdì, ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń gòkè láyè, bó bá tilẹ̀ gba pé kó fi ẹ̀yìn rìn padà. Àwọn bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tó ń gbé èèyàn ló ní àyè jù lójú ọ̀nà òkè tí wọ́n bá fi àmì fèrè sí. Wọ́n máa ń fọn fèrè ohùn mẹ́ta kí wọ́n tó yọ ní kọ́nà, bí awakọ̀ wọn bá sì na ọwọ́ pé sún sẹ́yìn, àfi kéèyàn sún. Nítorí náà, kí wọ́n tó yan dírẹ́bà, kí wọ́n má béèrè ẹni tó lè sáré, ẹni tó lè fi ẹ̀yìn rìn lójú ọ̀nà tóóró ni kí wọ́n béèrè.

Ẹ̀rù náà ní àyè tirẹ̀. Nínú ọ̀rẹ́ márùn-ún, ẹnì kan yóò wà tí ọkàn rẹ̀ kò gba ọ̀gbun. Àwọn tó kù á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ojo ni. Èyí kò dára rárá. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló yẹ kí wọ́n fún ní àṣẹ láti sọ pé ó tó, ẹ jẹ́ ká yí padà, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a jiyàn. Kó jẹ́ àdéhùn tí wọ́n ṣe ní London nígbà tí ara wọn balẹ̀. Lórí òkè tí kùrukùru ti bò, tí àwọn mẹ́ta ń pariwo pé ó ku díẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè ronú dáadáa mọ́.

Owó náà kò ṣeé fi sílẹ̀. Àwọn tó dàgbà rántí tóògéètì tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nígbà kan kí ìjọba tó wó o. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Faransé àti Ítálì. Ní Swítsáláǹdì, wọn kì í dúró gbowó lójú títì, káàdì ọdọọdún kan ni wọ́n ń tà fún ọ̀nà márosẹ̀ ní 40 fráǹkì. Ẹni tó lo ọjọ́ méjì àti ẹni tó lo ọdún kan, iye kan náà ni wọ́n ń san, ẹni tí wọ́n bá sì mú tí kò ní, 200 fráǹkì ni owó ìtanràn rẹ̀, yóò tún ra káàdì náà. Lọ́dún 2013, ìjọba wọn fẹ́ sọ 40 di 100, àwọn aráàlú dìbò, wọ́n ní rárá. Àwọn ará Ọ́stríà ń ta tiwọn ní ọlọ́jọ́ kan, ọlọ́jọ́ mẹ́wàá, olóṣù méjì àti ọlọ́dún kan. Láti gba ihò abẹ́ òkè Mont Blanc kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lé ní 50 Yúrò. Gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé ṣírò kí wọ́n tó kúrò nílé. Bí àwọn ìyá wọn ṣe ń dá àjọ ni kí wọ́n ṣe: kí kálukú mú iye kan wá ṣáájú, kí ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ di í mú, kí epo, owó ọ̀nà àti ibi ìgbọ́kọ̀sí máa jáde látinú rẹ̀. Ẹni tó ní mọ́tò kò gbọdọ̀ san owó epo bíi tiwọn, nítorí táyà àti bíréèkì rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ.

Owó ìtanràn ló tún máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán pọ̀ lójú ọ̀nà wọn, bí wọ́n bá ní 50 kìlómítà ní wákàtí nínú abúlé, 50 náà ni. Àwọn ìlú Ítálì tún ní àdúgbò àárín ìlú tí mọ́tò àlejò kò gbọdọ̀ wọ̀ láìgbàṣẹ, ZTL ni wọ́n ń kọ sára pátákó rẹ̀. Ìwé ìtanràn lè dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ilé ẹni tó ni mọ́tò tàbí tó fọwọ́ sí ìwé ìháyà ni yóò sì já sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wà á lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n ní ìwé kékeré kan nínú mọ́tò tí wọn yóò máa kọ ẹni tó ń wà á àti àsìkò tó gbà á sí. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ó ti gba ọ̀rẹ́ là.

Ti ihò abẹ́ òkè, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ọdún 1999, lọ́rì kan tó kó ìyẹ̀fun àti bọ́tà màgarín gbiná nínú ihò Mont Blanc tó gùn tó 11.6 kìlómítà. Èèyàn 39 ló kú, ọdún 2002 ni wọ́n tó tún ṣí i padà fún mọ́tò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, lọ́rì méjì forí sọra nínú ihò Gotthard tó gùn ju kìlómítà 16 lọ ní Swítsáláǹdì, èèyàn 11 ló bá a lọ. Láti ìgbà náà ni òfin ti le. Nínú ihò Mont Blanc, 150 mítà ló gbọ́dọ̀ wà láàárín mọ́tò kan sí èkejì bí wọ́n bá ń rìn, 100 mítà bí wọ́n bá dúró. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tẹ̀lé àmì aláwọ̀ ewé lọ sí yàrá ààbò. Ẹni tó bá dúró sínú mọ́tò láti ṣọ́ ẹrù rẹ̀ kò fẹ́ràn ara rẹ̀. Ó tún yẹ kí wọ́n wádìí bóyá ihò náà ṣí, nítorí ní 2024 àti 2025, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án títí di àárín oṣù kejìlá ni wọ́n fi tì í pa fún àtúnṣe.

Òkè pàápàá ń yí padà. Lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà ọdún 2024, àgbàrá òjò gbé apá kan ọ̀nà márosẹ̀ A13 lọ ní àdúgbò Mesocco ní Swítsáláǹdì, tí ọ̀nà náà kò fi ṣí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé Blatten lọ́dún 2025 ló yani lẹ́nu jù. Àwọn onímọ̀ rí i pé òkè tó wà lókè abúlé náà ti ń sán, wọ́n kó nǹkan bí 300 èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ kúrò, pẹ̀lú màlúù àti àgùntàn wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, yìnyín àti àpáta ya lulẹ̀, ó bo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé wọn mọ́lẹ̀. Ẹnì kan péré ló kú. Ká ní wọ́n ti ń jiyàn pé àwọn ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà baba ńlá àwọn, odidi abúlé ni ìbá lọ. Bí onílé bá lè fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìkìlọ̀, kí ni àlejò tó wá ya fọ́tò ń wá kọjá pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀nà ti dí? Bí wọ́n bá ti ọ̀nà kan, kí wọ́n ti ní ọ̀nà kejì lọ́wọ́ kí wọ́n tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀. Láàárọ̀ náà ló dára kí wọ́n gun òkè, nítorí ọ̀sán ni ààrá sábà máa ń sán níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí aṣọ òtútù má sì jìnnà sí wọn, yìnyín lè já bọ́ lórí àwọn ọ̀nà gíga yìí nínú oṣù keje.

Àwọn tó ń gbé lórí òkè náà kì í ṣe ara àwòrán. Àgbẹ̀ wà lára wọn, ọmọ wọn ń lọ ilé ìwé, òórùn èéfín mọ́tò àwọn àlejò ló sì ń bá wọn sùn. Láti 2019 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Tyrol ní Ọ́stríà ti fòfin de àwọn awakọ̀ tó ń kọjá lọ pé ní òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ìsinmi, wọn kò gbọdọ̀ yà kúrò lórí ọ̀nà márosẹ̀ gba àárín abúlé nítorí gosiló. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn ará Swítsáláǹdì dìbò tako ètò ìjọba wọn láti mú ọ̀nà márosẹ̀ gbòòrò sí i. Àwọn aráàlú tó ń ṣe báyìí kò kórìíra àlejò, ariwo ló sú wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ tó bá dúró ní abúlé kan fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n ra búrẹ́dì àti wàrà lọ́wọ́ onílé, tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ìyeyè náà lọ́jọ́ kan kí dírẹ́bà wọn lè rí òkè náà, yóò gbádùn ju àwọn tó sùn sí ìlú méje ní òru méje lọ. Ní Furka, wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ wo ibi tí wọ́n ti ya apá kan nínú Goldfinger, fíìmù James Bond tó jáde ní 1964, kí wọ́n sì wo yìnyín Rhône tó wà nítòsí ibẹ̀, èyí tó ń yọ́ lọ́dọọdún tó sì ti jìnnà sí ibi tó wà nígbà tí wọ́n ya fíìmù náà.

Àwọn òbí tó bá gbọ́ pé ọmọ wọn ń lọ irú ibẹ̀, àdúrà nìkan kò tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbínú kò wúlò. Kí wọ́n bi í léèrè: Ẹni mélòó ló lè wa mọ́tò nínú yín? Ṣé orúkọ wọn wà nínú ìwé ìnṣọ́ránsì? Ọ̀nà wo lẹ máa gbà, ibo lẹ sì máa sùn lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan? Ta ni yóò máa pe ilé? Ọmọ tó bá lè dáhùn láìwo ojú ọ̀run ti ṣètò. Èyí tó bá ń rẹ́rìn-ín, tó ní ẹ má ṣèyọnu, Mọ́mì, kí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ti àkókò ló kù. Ọ̀nà Stelvio kì í sábà ṣí kí oṣù karùn-ún tó fẹ́ parí tàbí kí oṣù kẹfà tó dé, tó bá sì fi máa di oṣù kọkànlá, yìnyín á ti gba ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní oṣù keje lè fi fọ́ọ̀mù físà sílẹ̀ láti oṣù kìíní, nítorí oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n fàyè gbà, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn-àjò lọ. Ọ̀rẹ́ tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni kó kọ́kọ́ lọ gba ọjọ́ tí wọn yóò rí i ní ọ́fíìsì físà. Àwọn tó kù lè dúró dè é kí wọ́n tó san owó òtẹ́ẹ̀lì.